Akàn Pupa Tó Gba Gbogbo Ojú Ìwé Oṣù Yìí

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú oṣù tuntun o. Lóṣù tó kọjá a gbé fọ́tò akàn kan sẹ́yìn ìwé yìí, akàn tó pọ́n bí ata rodo, tí abẹ́ ẹ̀ ń dán bíi búlúù, tó rọ̀ mọ́ àpáta dúdú kan tí omi òkun ń ta sí lára. Ká sòótọ́, àyè ìpolówó kan ló ṣófo lọ́jọ́ tá a fẹ́ tẹ ìwé, a kàn fi fọ́tò dí i ni. Àfi bí WhatsApp wa ṣe ń dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Kubwa, Lugbe, Kano, Jos, Minna, akàn ni gbogbo yín fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa jẹnẹrétọ̀ àti owó ilé ní Nyanya, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì wá, oṣù tó ń bọ̀ ni tiyín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi ní irọ́ ni fọ́tò yẹn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà lẹ fi kùn ún. Èmi náà fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, torí látọjọ́ tí mo ti ń se akàn, inú ìkòkò ni mo ti ń rí i tó ń pọ́n. Akàn wo ló ń pọ́n láàyè? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé a ò kun nǹkan kan. Bó ṣe wà láàyè nìyẹn. Orúkọ tàwọn onímọ̀ ń pè é ni Grapsus grapsus, Carl Linnaeus ará Sweden ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1758, àwọn òyìnbó tó ń lọ wò ó sì ń pè é ní Sally Lightfoot, bí ìgbà téèyàn bá ń ki obìnrin kan tẹ́sẹ̀ ẹ̀ fúyẹ́ lójú agbo. Etí òkun Pacific ló ń gbé, bẹ̀rẹ̀ láti Mexico wá sí ìsàlẹ̀ títí dé àríwá Chile, ṣùgbọ́n ibi tó ti lókìkí jù ni àwọn erékùṣù Galápagos, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Ecuador ní Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀, tó sì jìnnà sí Ecuador fúnra ẹ̀ tó bíi 1,000 kìlómítà. Òkè ayọnáyèéfín ló bí gbogbo erékùṣù yẹn látinú òkun, òkúta yíyọ́ ló ń ṣàn jáde látinú ilẹ̀, tó bá ti tutù á gan, á di àpáta dúdú gbágungbàgun tó lè ya bàtà. Wọn ò sì tíì bímọ tán o, lóṣù kẹta ọdún 2024 erékùṣù kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fernandina tún yọná. Ẹ wá fi akàn pupa sórí irú àpáta bẹ́ẹ̀, bí ata tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọ̀dà lójú ọ̀nà Kaduna ló máa rí, kò sí bójú ò ṣe ní í lọ síbẹ̀.

Ti ìkòkò tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ wà ńbẹ̀. Àwọ̀ pupa yẹn ti wà lára akàn tẹ́ ẹ̀ ń sè látilẹ̀, nǹkan tí wọ́n ń pè ní astaxanthin ni, ṣùgbọ́n protein kan ti wé mọ́ ọn, kò jẹ́ kó hàn, ìdí nìyẹn tá a fi ń rí akàn wa ní dúdú tàbí kó máa ṣe bí ewé. Tómi bá ti hó, protein yẹn á tú, pupa á jáde. Ti Galápagos ò dúró de ìkòkò ni tiẹ̀. Akàn ò sì lè dá àwọ̀ yẹn pò nínú ara ẹ̀ lásán, inú oúnjẹ ló ti ń rí ìpìlẹ̀ ẹ̀, látinú ewé òkun tó ń yọ̀ bí ilá lára àpáta, ohun tó ń jẹ ló ń pa á láró. Ẹ tún fọ́tò yẹn wò dáadáa, ẹ wo ẹ̀mú méjì tó wà níwájú ẹ̀, orí ẹ̀mú yẹn ò ṣóńṣó bíi tàwọn akàn tó ń gé èèyàn lọ́wọ́, ó jin bíi ṣíbí. Òun ló fi ń ha ewé lára àpáta, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kí tọ̀tún tó dé ẹnu tòsì ti wà nínú abọ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìnáwó tó sì gbọ́ pé àmàlà ti ń tán.

Kì í ṣe ewé nìkan ló ń bá dúró sha. Ẹja tó ti kú, ẹyin ẹyẹ, akàn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bá rí ọwọ́ tẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ti rí i tó ń já eégbọn lára alángbá òkun, ìyẹn alángbá ńlá kan tó dúdú bí èédú, tó máa ń wẹ̀ lọ jẹ ewé nínú òkun, kò tún sí alángbá mìíràn láyé yìí tó ń wá oúnjẹ lọ sínú òkun. Akàn á gùn ún lẹ́yìn, á máa já eégbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, alángbá á sì dijú bí obìnrin tó wà níwájú onídìrí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo Google lẹ́yìn tí mo rí fọ́tò yín, mo wá rí àwọn kéékèèké kan tó dúdú kirikiri lórí àpáta kan náà. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní oríṣi mìíràn ni, èmi ní ọmọ wọn ni. A ti ta tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà. — Ẹni tó ń retí owó ẹ̀, Lugbe

Lọ gba owó ẹ. Ọmọ wọn ni.

Tó bá ṣì kéré, dúdú ló máa ń wà, tàbí kó máa ṣe bíi kọfí, kó lè bá àpáta dọ́gba. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó jọ lékeléke ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ẹ̀ rí bí eérú, kò níṣẹ́ méjì ju kó dúró gbagidi sétí omi kó máa wo ohun tó máa mì. Ọmọ akàn tó bá pọ́n lọ́jọ́ orí yẹn, oúnjẹ àárọ̀ ti dé nìyẹn. Tó bá wá ń dàgbà, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti yá, tójú ẹ̀ ti là, pupa á máa jáde díẹ̀díẹ̀, nígbàkigbà tó bá ti pààrọ̀ ìkarahun.

Pípààrọ̀ ìkarahun yìí gan-an, ó yẹ kéèyàn fojú rí i ni. Ìkarahun kì í tóbi sí i, ara tó wà nínú ẹ̀ ló ń tóbi, bíi ti ọmọ tí aṣọ ọdún tó kọjá ti fún. Tó bá ti fún un tán, ẹ̀yìn á là, akàn á wá máa fà ara ẹ̀ jáde látẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí dórí awọ tó bo ojú, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ́. Á wá kúrò níbẹ̀, ìkarahun á sì wà lórí àpáta bí ẹni pé akàn ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú, òòrùn á pa á á tún pọ́n sí i, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní akàn ló kú. Ẹni tó ni í á ti wọ inú pàlàpálá lọ, ara ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ó ń fi omi kún ara ẹ̀ kí èyí tuntun lè gan pẹ̀lú àyè. Kò gbọ́dọ̀ pàdé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, kódà ẹbí.

Torí o ti jẹ owó, jẹ́ kí n fi èyí ṣe ènì. Ìyá wọn kì í kó ẹyin sílẹ̀, abẹ́ ikùn ló ń gbé wọn sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí ẹyin bá ti gbó á tú àwọn ọmọ sómi. Àwọn ọmọ yẹn ò jọ akàn rárá, wọ́n kéré ju irúgbìn efinrin lọ, wọ́n ní ìrù, ẹ̀gún wà lára wọn, omi ló ń gbé wọn káàkiri òkun, àwọn ewé tójú ò lè rí ni wọ́n ń jẹ lójú omi. Èyí tí ẹja ò bá gbé mì, tí ìgbì bá sì dá padà sórí àpáta, òun ló ń di akàn dúdú tó o rí. O lè fi èyí náà ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá ẹ: tó o bá lọ ra akàn lọ́jà ẹja Kado, yí i dojú délẹ̀, ìbòrí kan wà níkùn ẹ̀. Tó bá fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, abo ni, ibẹ̀ ló ń kó ẹyin sí. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni.

Mo rí fídíò kan tí akàn pupa rẹpẹtẹ ń kọjá lórí títì, mọ́tò ò lè lọ, àwọn èèyàn ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn kúrò lọ́nà. Ṣé àwọn náà nìyẹn? — Oníṣòwò, Sabon Gari, Kano

Rárá o, ìyẹn ò bá ti wa tan. Christmas Island lẹ rí, ti Australia ni, nínú òkun Indian. Gecarcoidea natalis lorúkọ tiwọn, inú igbó ni wọ́n ń gbé, ewé tó já bọ́ ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni gbogbo wọn ń gbéra lọ sókun lọ bímọ, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé lóṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Òṣùpá ni wọ́n ń wò: tó bá ti ń lọ sílé, tó ku ìdajì, abo á da ẹyin sómi kílẹ̀ tó mọ́, nígbà tí òkun bá kún tó sì fẹ́ máa fà. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n, ìjọba ń ti títì pa fún wọn, wọ́n tún kọ́ bíríìjì fún wọn, akàn ní bíríìjì tiẹ̀, àwa tá a wà ní àdúgbò mi ń fi pákó kọjá gọ́tà. Akàn orí àpáta tiwa yìí kì í lọ inú igbó. Ibi tí ìgbì ti ń lu àpáta ni gbogbo ayé ẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Jos. A ní òkè ayọnáyèéfín tó ti kú níbí, Abuja ní Aso Rock, Zuma sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kí ló dé tá ò ní irú akàn yẹn, kó sì jẹ́ pé ó dìgbà téèyàn bá lọ sí Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀? — Tíṣà, Jos

Tíṣà, ẹ ṣeun, ìbéèrè yín ló mú mi lọ kàwé. Òótọ́ ni, àwọn òkè tó wà lápá Panyam àti Kerang lọ́hùn-ún, òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n nígbà ayé wọn. Ṣùgbọ́n Aso àti Zuma ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn o, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta tiwọn ti tutù díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè máa rí hóró wẹ́wẹ́ tó ń dán lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Èyí tó ṣàn jáde sójú ayé kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀, wàràwàrà ló ń gan.

Ohun tá ò ní ni òkun. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ wá òkun lọ sí Èkó, yanrìn lẹ ó bá níbẹ̀, akàn yìí ò sì mọ yanrìn, àpáta ló fẹ́, ibi tó lè fẹsẹ̀ há. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ní yẹn jìnnà jù, ìbátan ẹ̀ wà nítòsí. Grapsus adscensionis lorúkọ ẹ̀, lára Ascension ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, erékùṣù kan tó dá wà láàárín òkun Atlantic, tí òkè ayọnáyèéfín kọ́. Pehr Osbeck, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Linnaeus, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1765. Ó wà ní Cape Verde, ó wà ní Canary, ó wà ní São Tomé àti Príncipe tó jẹ́ aládùúgbò wa nínú omi yìí kan náà. Ó jọ ti Galápagos débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n pe méjèèjì ní ọ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì yín bí etíkun ṣe ń di àpáta dúdú, ẹ má lọ jìnnà, Òkè Cameroon ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Lọ́dún 1922 òkúta yíyọ́ ẹ̀ ṣàn títí ó fi wọnú òkun. Lọ́dún 1999 ó tún ṣàn, ó gé títì tó gba etí òkun kọjá ní Bakingili, ó kù díẹ̀ kó dé omi ló bá dúró.

Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́? Ṣé ó sì jẹ́ hàláàlì? — Minna

Ní Galápagos, ọgbà ìjọba ni, wọ́n ti ń dáàbò bo ibẹ̀ látọdún 1959, ẹ má fọwọ́ kàn án. Níbòmíràn apẹja máa ń fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Ti hàláàlì, ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé lápá ibí fàyè gba ohun inú òkun, Hánáfì ò gba akàn, àlùfáà yín ló yẹ kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe èmi. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí jẹ, pàápàá akàn odò, ẹ sè é jinná dáadáa, torí kòkòrò kan wà nínú akàn odò tí ò jinná tó lè lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn.

Ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo wo fọ́tò yín wò wò wò, ojú ni mo rí, mi ò rí orí. Orí wo ló wá ń ṣọ́? — Bàbá Àgbà, Kaduna South

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín títí, àmọ́ òótọ́ lẹ sọ. Orí akàn àti àyà ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, abẹ́ ìkarahun kan náà ni wọ́n wà, kò lọ́rùn tí yóò yí. Ìdí nìyẹn tójú ẹ̀ fi wà lórí igi kékeré méjì tó ń yọ jáde, tó lè nà án sókè, tó sì lè ká a wálẹ̀ sínú kòtò ẹ̀ tí nǹkan bá ń bọ̀. Níbi tó dúró sí yẹn ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn. Àwọn tó ti lọ ya fọ́tò ẹ̀ ní kò sóhun tó lè súni tó o, wàá rò pé o ti sún mọ́ ọn, á ti yí lọ sẹ́yìn àpáta, tó o bá yí lọ síbẹ̀ á ti padà síwájú. Akàn mìíràn ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, torí orúnkún wọn ẹ̀gbẹ́ ló ń ká sí, èyí ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń fò látorí àpáta kan sí òmíràn. Tí ìgbì bá sì ń bọ̀ kì í sá, ṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ, á fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ mẹ́jọ há ara ẹ̀ mọ́ pàlàpálá, omi á bò ó, omi á lọ, á ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀tá tó ń retí ẹ̀ nínú omi ló ń bà á lẹ́rù, octopus, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yẹn, àti ẹja kan tó gùn bí ejò tó ń gbé inú ihò àpáta, ìyẹn a máa fò jáde láti gbá a mú lórí ilẹ̀.

Tí wọ́n bá wá dì í lẹ́sẹ̀ mú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n sọ ọ́. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abuja, mo lọ kí ìyá mi ní Èpè, wọ́n ní dandan mo gbọ́dọ̀ gbé akàn lọ. Akàn mẹ́rìnlá láàyè, nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fi ewé tútù bò ó, wọ́n fokùn dè é. Mo ní Mọ́mì, wọ́n á kú kí n tó dé. Wọ́n ní kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́. Mo wọ mọ́tò alẹ́, mo gbé apẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Nígbà tá a kọjá Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ ò tíì mọ́, gbogbo èèyàn ń sùn, mo gbọ́ tẹ́nì kan kígbe "Jésù!" lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn kígbe, kí dírẹ́bà tó tan iná inú mọ́tò àwọn èèyàn ti wà lórí ìjókòó, okùn ti tú, akàn ń rìn láàárín ẹsẹ̀ wọn. Bàbá kan tó wọ bàbáńrìgà, akàn kan ti fẹ̀mú gbá etí aṣọ ẹ̀ mú. Bàbá yìí fi ìbínú gba ẹsẹ̀ akàn yẹn mú, ó fà á, ẹsẹ̀ kù sí i lọ́wọ́, akàn já bọ́, ó sì wọ abẹ́ ìjókòó lọ. Bàbá ń wo ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń ká, ó ń nà. Ìgbà yẹn mo rò pé bàbá ló já a. Akàn ló já a sílẹ̀ fún un. Oríkèé kan wà nídìí ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ti lè dá a fúnra wọn tí ọ̀tá bá dì í mú, awọ kan á sì pa ojú ibẹ̀ dé kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà. Tó bá tún pààrọ̀ ìkarahun, ẹsẹ̀ kékeré mìíràn á ti hù síbẹ̀, á máa tóbi sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ tó bá dì í mú lórí àpáta ní Galápagos, ẹsẹ̀ ló máa rí jẹ, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti lọ.

Mẹ́tàlá la rí kó padà. Gbogbo wọn wà láàyè ní Gwagwalada, wọ́n ń yọ fóòmù lẹ́nu, mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé omi tó kù lára ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí ni wọ́n ń lò yẹn, tó bá ṣì tutù wọ́n á máa mí lórí ilẹ̀. Ìyá mi mọ̀, wọn ò kàn ka ìwé ẹ̀ ni. Dírẹ́bà gba méjì lọ́wọ́ mi fún ìtánràn. Ìkẹrìnlá, mọ́tò yẹn ló mọ ibi tó wà.

Ẹ káàsán sà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo fẹ́ máa sin akàn pupa nínú báàfù wa. Bàbá mi ní kí n bi yín. — Karu

Ọmọ dáadáa, omi iyọ̀ ló ń gbé, ó ń fẹ́ ìgbì tó ń lù ú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì máa gun ògiri báàfù yẹn jáde kí mọ́mì ẹ tó mú ìgbálẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n o ní akàn tìẹ nítòsí. Akàn odò wà nínú àwọn odò kéékèèké tó wà lápá ibí, ara ẹ̀ dà bíi kọfí, kò pọ́n, ọmọ ẹ̀ kì í la òkun kọjá rárá, bó bá ti jáde látinú ẹyin ló ti ń jẹ́ akàn kékeré, abẹ́ ikùn ìyá ẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ gbé. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tódò bá gbẹ, àwọn kan nínú wọn á gbẹ́lẹ̀ wọlé lọ títí wọ́n á fi kan ibi tútù, ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí òjò fi máa dé. Jẹ́ kí bàbá ẹ mú ẹ lọ wo etí odò tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ni wọ́n ń jáde, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Wo nìkan ni o. Má sì ti ọwọ́ bọ ihò kankan tó o bá rí, ejò náà máa ń yá ilé gbé.